Ahọ́n Ìyá Mi àti Ìgò Tíṣà

Náírà méjì géérégé ni agolo ńlá onídèérí nígbà tí mo ṣì kéré, tí wọ́n ń fi mí jíṣẹ́ káàkiri ọjà Dùgbẹ̀. Kì í ṣe agolo wàrà tàbí agolo tòmátì ni mò ń wí o. Agolo onípáànù líle ni, èyí tí àwọn iléeṣẹ́ máa ń kó ọjà wọn sí, tí àgbàlagbà lè jókòó lé lórí kó má sì tẹ̀. Eku ò lè dá a lu, òjò ò lè wọ inú rẹ̀, olè nìkan ló rí tirẹ̀ ṣe. Àwọn èèyàn fẹ́ràn agolo yìí débi pé ẹlòmíràn á ra ọjà tí kò mọ ìdí rẹ̀ nítorí agolo tó gbé e sínú. Á da ọjà sínú ọ̀rá, á ha bébà tó wà lára agolo kúrò, á fi iyanrìn àti omi fọ̀ ọ́ títí yóò fi máa dán, á wá ta agolo lọ́tọ̀. Bí bébà bá ṣì lẹ̀ mọ́ ọn, oníbàárà á ní àlòkù ni. Bí ẹni pé èyí tí a fi iyanrìn bó lára kì í ṣe àlòkù! Ẹ̀rín ọjà pọ̀, ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Mo ní láti sọ̀rọ̀ agolo kí n tó sọ ohunkóhun, torí pé èmi gan-an ni mo fi ọwọ́ ara mi ha bébà ọ̀kan kúrò nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ kan ni wọ́n fi san owó iṣẹ́ mi. Ẹ̀pà yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa èèyàn.

Ìyá mi ń ta iyọ̀. Ẹ má tíì yínmú. Iyọ̀ ọbẹ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kán-ún náà wà, àlọ́ọ̀mù wà fún àwọn tó ń fi mú kí omi kànga tòrò, oríṣiríṣi iyọ̀ mìíràn sì wà tí àwọn tó ń ṣe awọ àti àwọn tó ń pa aṣọ láró máa ń wá rà. Ọ̀kan funfun, èkejì funfun, ẹ̀kẹta tún funfun ju àwọn méjèèjì lọ. Ìyá mi ò mọ ìwé, ṣùgbọ́n wọn ò gbé iyọ̀ kan fún ẹni tó fẹ́ òmíràn rí. Ahọ́n ni wọ́n fi ń mọ̀ wọ́n. Wọ́n á fi ìka kan ọjà, wọ́n á tọ́ ọ wò, wọ́n á dijú díẹ̀ bí ẹni ń gbọ́ ìròyìn, wọ́n á tutọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á wí pé, "Àlọ́ọ̀mù ni. Ó ń fún ahọ́n mi pọ̀." Gbogbo àwọn oníyọ̀ tó wà ní ìlà wa, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Oníbàárà náà á tọ́ tirẹ̀ wò kí ó má baà wí lọ́jọ́ kejì pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Bí o bá ń kọjá ní ìlà wa láàárọ̀, àwọn àgbà ni wàá rí tí wọ́n ń yọ ahọ́n síra wọn. Wàá rò pé ìjà ni.

Nínú àwọn oníbàárà wa ni tíṣà kan wà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́mísírì ní iléèwé girama kan ní Bódìjà. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, orí ìka rẹ̀ sì máa ń dúdú kirikiri bí ẹni tó fi ìka kan èédú. Ẹ má bínú pé mò ń pè é ní "ó". Ọjọ́ orí tó wà nígbà náà, àbíkẹ́yìn mi ti jù ú lọ báyìí. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ló máa ń wá ra àlọ́ọ̀mù, kán-ún àti iyọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, torí ó ní owó tí wọ́n ń fún òun kò tó ra èyí tó ń ti òkè òkun bọ̀ nínú ìgò. Gbogbo ìgbà tó bá sì wá ni òun àti ìyá mi máa ń ṣe ọ̀rọ̀ kan náà.

"Ìyá, ẹ má fi nǹkan kan ahọ́n mọ́. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá tọ́ nǹkan wò, ìta ni mò ń lé e sí."

"Tíṣà, ta ló ń ta iyọ̀ fún ta?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ sanwó, kí ẹ máa lé àwọn ọmọ yín lọ."

Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín. Ìyá onígaàrí tó wà ní ìsọ̀ tó tẹ̀ lé tiwa á bá wọn rín in, torí kò sí ẹ̀rín tó ń kọjá ìyá yẹn kó má mú tirẹ̀ níbẹ̀.

Báyìí ni iléeṣẹ́ kan tó ń pa aṣọ láró ní Ríńgì Róòdù ṣe kógbá wọlé. Wọ́n kó gbogbo ohun tó ṣẹ́kù síta, wọ́n lù ú ní gbàǹjo. Ìyá mi lọ, agolo ńlá kan ni wọ́n gbé dé, náírà mẹ́rìnlá. Mo bi wọ́n léèrè pé kí ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní, "Mi ò mọ̀. Ṣé o ò rí bí ìdérí rẹ̀ ṣe dé ni?" Wọ́n gbé iyanrìn àti omi fún mi, wọ́n dá ẹ̀pà sí mi lọ́wọ́. Mo ha bébà náà. Ìwé kún ara rẹ̀, dúdú àti pupa, ṣùgbọ́n kíláàsì mẹ́ta ni mo wà, ìwé tí mo mọ̀ nígbà náà kò ju orúkọ mi àti orúkọ iléèwé mi lọ. Mi ò tilẹ̀ gbìyànjú láti kà á. Mo fi iyanrìn rin ín títí ó fi di ẹrẹ̀, mo dà á sí gọ́tà. Lọ́jọ́ kejì, ìyá onígaàrí ra agolo náà, ó san náírà méjì.

Ohun tó wà nínú agolo yẹn funfun, ó ń dán wínníwínní bí ṣúgà. Ìyá mi fi ìka kàn án, wọ́n tọ́ ọ wò. Wọn ò tutọ́. Wọ́n la ojú, wọ́n tún tọ́ ọ.

"Ó dùn!"

Wọ́n pe ìyá onígaàrí. Òun náà tọ́ ọ, ó ní ó dùn, ó kàn ń fún ahọ́n díẹ̀ tó bá yá ni. Èmi náà yọ́ lọ síbẹ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni ò wò mí. Ó dùn lóòótọ́. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò lè mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí lára wa, torí ṣúgà ti wọ́n nígbà náà débi pé àwọn kan ń fi pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìyá mi jókòó, wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tú ọ̀rọ̀ náà bí agbẹjọ́rò. Wọ́n ní ṣebí òyìnbó ló ni iléeṣẹ́ aláró yẹn. Wọ́n ní òyìnbó kì í ṣiṣẹ́ láì mu tíì, kì í sì í mu tíì láìsí ṣúgà. Nítorí náà, ṣúgà tíì àwọn òyìnbó ni. Ìyá onígaàrí ní lóòótọ́ ni. Èmi náà ní lóòótọ́ ni. Kò sí ẹni tó ń jiyàn pẹ̀lú ohun tó dùn.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìròyìn ti dé ọ̀dọ̀ ìyá oníkúnú kan ní Mọ́kọ́lá. Ìyá yìí ń ta kúnú fún àwọn mẹkáníìkì àti fún àwọn ọmọ iléèwé tó bá ń ti ibẹ̀ kọjá, ṣúgà àìrí sì ti fẹ́ lé e nídìí ọjà. Ó wá, ó tọ́ ọ, ó ná an. Wọ́n fẹnu kò sí ogójì náírà fún gbogbo rẹ̀. Ó ní kí wọ́n bá òun tọ́jú rẹ̀ títí di ọjọ́ Sátidé, bí òun bá kírun alásárì tán òun yóò mú owó wá. Ogójì náírà! Ìyá mi kò sùn dáadáa mọ́ nítorí ayọ̀.

Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni tíṣà dé, ó bá ìyá mi níbi tí wọ́n ti ń tọ́ kán-ún wò fún ẹnì kan. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n orí ìyá mi ti wú lọ́jọ́ yẹn.

"Tíṣà, ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Gbogbo ìgò tí ẹ tò síbẹ̀ yẹn, ṣé ó gbọ́n tó ahọ́n yìí?"

Tíṣà ní, "Ìyá, ẹ di iyọ̀ tó bá wù yín sínú bébà, ẹ má kọ orúkọ sí i, ẹ má dárúkọ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ gbé e wá bá wa lọ́sàn-án Sátidé. Bí àwọn ọmọ mi ò bá mọ orúkọ wọn láì fi kan ahọ́n, gbogbo àlọ́ọ̀mù tó wà ní ìsọ̀ yín ni màá rà."

"Bí wọ́n bá mọ̀ ọ́n ńkọ́?"

"Ẹ ò ní tọ́ nǹkan wò mọ́ láéláé."

Ìyá mi bojú wo àlọ́ọ̀mù tó wà nílẹ̀, wọ́n wo tíṣà láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n ní, "Kí ẹ wá ibi tí ẹ máa kó o sí o."

Lọ́sàn-án Sátidé, ìyá mi fi ìsọ̀ sílẹ̀ fún ìyá onígaàrí, àwa méjì wọ ọkọ̀. Bébà mẹ́rin ni wọ́n dì: iyọ̀ ọbẹ̀, kán-ún tí wọ́n lọ̀ kúnná, àlọ́ọ̀mù tí wọ́n lọ̀ náà, àti èyí tó dùn yẹn. Bí ọkọ̀ wa ṣe ń kọjá ní Sángo ni wọ́n fi ìgúnpá kàn mí, wọ́n ní, "Ẹ̀kẹrin yìí ló máa fi ojú wọn gbolẹ̀. Tíṣà kò ní ronú kan ṣúgà láéláé." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹni tó jókòó níwájú wa fi bojú wẹ̀yìn.

Mi ò tíì wọ irú yàrá yẹn rí. Tábìlì gíga-gíga, ẹ̀rọ omi lórí tábìlì gan-an bí ẹni pé tábìlì ń wẹ̀, iná tó ń jó ní búlúù lórí irin láìsí igi, láìsí kẹrosíìnì, àti ìgò! Ìgò lókè, ìgò nílẹ̀, ìgò nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n tì. Ó ń rùn bí ilé oníwòsàn tó gbé ilé wẹ́dà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin ló wà níbẹ̀, ọmọbìnrin kan tó wọ awò ojú sì ni ọ̀gá wọn. Ó kúnlẹ̀ kí ìyá mi dáadáa, ó gba bébà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Inú mi sọ fún mi pé ọmọ yìí kò ní lè ṣe nǹkan kan, torí ó tinrín jù.

Ó bu èyí àkọ́kọ́ sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó rí bí ìka, ó kán omi kan lé e lórí. Ohun náà bẹ̀rẹ̀ sí hó! Kò síná lábẹ́ rẹ̀ o, ó ń hó ṣùù-ṣùù. Wọ́n fi ọ̀pá gba èéfín rẹ̀ lọ sínú omi mìíràn tó mọ́ gaara, omi náà di funfun bí omi ẹ̀kọ. Ọmọbìnrin yẹn ní, "Kán-ún ni, mà." Ìyá mi ní ó dáa, kán-ún rọrùn, ẹnikẹ́ni ló lè mọ kán-ún.

Ó fi wáyà kan èkejì, ó gbé e sínú iná búlúù, iná náà pọ́n bí ìyeyè lójú kan náà. Ó tún mú ìgò dúdú kan, ó kán ẹ̀kán kan péré sínú omi tó fi yọ̀ ọ́, wàrà ló jáde, wàrà tó dì gbànyìn láti inú omi lásán. "Iyọ̀ ọbẹ̀ ni, mà." Ìyá mi gbé àga wọn. Wọ́n fà sún mọ́ tábìlì.

Ẹ̀kẹta ló mú wọn dìde. Ọmọ yẹn kán omi kan sí i, ìkùukùu funfun bò ó. Ó tún kán omi kan náà sí i, kò dáwọ́ dúró, ìkùukùu náà bẹ̀rẹ̀ sí tú, ó tú, ó tú, omi sì tún mọ́ gaara bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Níbo ló gbà?" ni ìyá mi bi í. "Ọmọ, níbo ló gbà?"

Tíṣà wá ṣàlàyé fún wa. Ó ní iyọ̀ kọ̀ọ̀kan, tọkọtaya ni. Nígbà tó bá gbẹ, wọ́n á dì mọ́ra, èèyàn ò lè mọ èwo ni ọkọ, èwo ni ìyàwó. Ṣùgbọ́n tí o bá gbé wọn sínú omi, oníkálukú á máa rìn lọ́tọ̀. Ó pè wọ́n ní áyọ́ọ̀nù. Ó ní áyọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan ló ní ẹni tí kò lè rí kó má dì mọ́, ẹni náà ni wọ́n ń kán sínú ìgò láti fi pè é. Bó bá rí i, yóò jáde, àwọ̀ tó bá sì gbé jáde ni orúkọ rẹ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, mo ti dàgbà, mo ti rí ọ̀pọ̀ nǹkan, mi ò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ tó jọ mí lójú tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo funfun tí à ń tà láti ọjọ́ yìí, àwọn èèyàn ló wà nínú rẹ̀ tí wọ́n dákẹ́, tí wọ́n ń retí ẹni tó máa pè wọ́n!

Ìyá mi tẹjú mọ́ ìgò ẹ̀kẹta yẹn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rántí ẹ̀kẹrin, wọ́n tún jókòó dáadáa, wọ́n ká ọwọ́ sáyà.

Ọmọbìnrin yẹn kán omi sí ẹ̀kẹrin. Ìkùukùu funfun. Ó kán sí i, ìkùukùu tú. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó wo tíṣà. "Sà, àlọ́ọ̀mù náà ni wọ́n tún fún wa."

Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n fò sókè. "Àlọ́ọ̀mù! Àlọ́ọ̀mù dídùn! Tíṣà, ẹ lọ wá àpò wá o, ẹ ti ra àlọ́ọ̀mù!"

Tíṣà kò rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ẹ ní kí ló ṣe?"

"Ó dùn. Dídùn bí ṣúgà."

Ojú rẹ̀ yí padà. Ó gba ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn lọ́wọ́ ọmọ náà, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n tì, ó mú ìgò kékeré kan, ó bu díẹ̀ nínú ẹ̀kẹrin sínú omi mìíràn, ó kán ẹ̀kán kan sí i.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ohun yẹn pọ́n! Ó pọ́n bí ìyeyè tó já fúnra rẹ̀, láti inú omi tó mọ́ gaara, kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Tíṣà gbé e sórí iná, ohun pípọ́n náà yọ́ dànù, omi lásán ló kù. Mo rò pé ó ti tán. Ó gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ omi kó lè tutù. Kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí yọ nínú rẹ̀, pẹ́lẹ́ńbẹ́-pẹ́lẹ́ńbẹ́, ó ń dán, ó ń yí, ó ń rọ̀ wálẹ̀ nínú ìgò bí òjò. Òjò wúrà.  Oòrùn gba ojú fèrèsé wọlé, ìgò náà sì ń tan ìmọ́lẹ̀ sí iwájú orí tíṣà. Mi ò rí ohun tó lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ rí títí di òní, mo sì ti bímọ márùn-ún.

Ìyá mi fọwọ́ bo ẹnu.  "Wúrà ni. Wúrà ni mo rà ní náírà mẹ́rìnlá."

"Ìyá, òjé ni," ni tíṣà wí.

"Òjé bíi ti báwo?"

"Òjé tí àwọn apẹja ń so mọ́ àwọ̀n. Òun ló fara pamọ́ sínú iyọ̀ dídùn yìí. Àwọn aláró ló ń fi í mú kí àwọ̀ di aṣọ mú. Májèlé ni, mà. Kì í pani lọ́jọ́ kan, díẹ̀díẹ̀ ló ń ba inú jẹ́, ọpọlọ àwọn ọmọdé ló sì ń bàjẹ́ jù."

Ìyá mi yíjú sí mi. Mi ò mọ̀ pé ojú èèyàn lè tóbi tó bẹ́ẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí. Ẹ̀ẹ̀melòó lo tọ́ ọ?"

"Ẹ̀ẹ̀kan, mà."

 Wọ́n ṣáà ń wò mí.

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, mà."

Nígbà náà ni wọ́n bèèrè aago. Tíṣà ní ó ti kọjá aago mẹ́rin. Ìyá mi figbe ta, torí ìyá oníkúnú kì í pẹ́ kírun, ìyá onígaàrí ló sì wà ní ìsọ̀, ìyẹn tí kò mọ̀ ju kó ṣáà ta ọjà lọ.

Tíṣà di ìgò wúrà náà sínú áńkáṣíìfù, ó tì í sápò, àwa mẹ́ta sáré jáde. Takisí kan ní òun ò ní gbé wa lọ sí Dùgbẹ̀ àfi kí a san náírà kan ààbọ̀. Ìyá mi tí wọ́n máa ń ná owó ọkọ̀ títí awakọ̀ á fi fẹ́ sunkún, wọ́n wọlé jókòó sẹ́yìn láì ná an. Bí a ṣe dé Mọ́kọ́lá, mo rí àwọn ọmọdé tí wọ́n ń mu kúnú lójú títì. Ìyá mi náà rí wọn. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ náà ń dùn mí, mi ò lè sọ ọ́.

A bá wọn níbẹ̀. Gbogbo ohun dídùn náà ti wà nínú báàfù ìyá oníkúnú. Ogójì náírà ti wà lórí àga. Ṣé ẹ mọ ohun tí kò jẹ́ kó tíì lọ? Èènì! Ìyá oníkúnú ní kí wọ́n fi ẹ̀kúnwọ́ àlọ́ọ̀mù kan ṣe èènì fún òun. Ìyá onígaàrí ní ọjà olọ́jà ni, òun ò láṣẹ. Ìyá oníkúnú ní òun ò kúrò níbẹ̀. Wọ́n ti ń fà á láti bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, èèyàn ti pé wò wọ́n.

"Ìyá oníyọ̀, ẹ wá o!" ni ìyá oníkúnú pariwo. "Ogójì náírà ni mo kà sílẹ̀, ìyá onígaàrí yìí ń ṣahun èènì sí mi!"

Ìyá mi wo owó yẹn. Mo rí i pé wọ́n wò ó. Tíṣà ṣì wà lẹ́yìn, ó ń bá ìyá mi gba ṣéńjì wọn lọ́wọ́ onítakisí, kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀ nínú ọjà náà. Wọ́n kó owó náà nílẹ̀, wọ́n fi í sọ́wọ́ ìyá oníkúnú, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn pa ìka rẹ̀ dé.

"Ẹ gbowó yín. Mi ò tà mọ́."

"Ẹ ò tà mọ́ kẹ̀? Ta ló fún un yín ní àádọ́ta?"

"Májèlé ni." Ìyá mi gbé ohùn sókè kí gbogbo ìlà lè gbọ́. "Òjé ni. Májèlé ni mo pè ní ṣúgà, májèlé ni mo fẹ́ tà fún un yín. Ahọ́n mi ló tàn mí."

 Ìyá oníkúnú ò gbà. Ó ní irọ́ ni, wọ́n ti rí ẹni tó lówó ju òun lọ. Nígbà náà ni tíṣà dé, ó tú áńkáṣíìfù, ó gbé ìgò náà sókè nínú oòrùn. Wúrà yẹn ń rọ̀. Ìyá oníkúnú tẹjú mọ́ ọn, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.

"Ó mà dára o," ló wí pẹ̀lẹ́.

"Ó dára, mà," ni tíṣà dá a lóhùn. "Bó ṣe dára náà ló ṣe dùn."

Ó gbé báàfù náà sílẹ̀ bí ẹni pé iná wà nínú rẹ̀, ó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí ka orúkọ àwọn ọmọ tó ń mu kúnú lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìyá onígaàrí ló dá wa padà sáyé. "Agolo yẹn ńkọ́?" Àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ló da gaàrí tuntun sínú rẹ̀, kò tíì ta nínú rẹ̀. Tíṣà ní kí ẹnikẹ́ni má jẹ ẹ́. Ẹ wá wo ìyá yẹn! Obìnrin tó ti ń sunkún bá wa, tó ń pe Ọlọ́run, ó nu ojú rẹ̀ ó ní náírà márùn-ún ni agolo pẹ̀lú gaàrí inú rẹ̀. Ó mọ̀ pé ìyá mi ò lè ná ọjà lọ́jọ́ yẹn. Ìyá mi kà á fún un. Tíṣà ló kó gbogbo rẹ̀ lọ. Ó ní òjé yẹn yóò tó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun lò fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun yóò sanwó díẹ̀. Ìyá mi ní àwọn ò ta májèlé.

Láti ibẹ̀, ọsibítù ni. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ èmi àti ìyá mi, wọ́n ní kí a tún padà wá lóṣù tó ń bọ̀, wọ́n ní ohun tí a tọ́ kò tó ṣe wá ní nǹkan kan. Wọn ò gbowó lọ́wọ́ wa. Ẹ tún gbólóhùn yẹn kà: ọsibítù, wọn ò gbowó.

Láti ọjọ́ náà, ìka ìyá mi á gbéra lọ sẹ́nu, á dúró ní ètè, á padà sílẹ̀. Wọ́n ra ọsàn wẹ́wẹ́, wọ́n ń fún un lé kán-ún lórí, bó bá hó, wọ́n á rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Wọn ò jẹ́ kí n ha bébà kankan mọ́. Àwọn oníyọ̀ yòókù fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ títí, wọ́n ní Ìyá Oníyọ̀ ti di tíṣà. Ìyá oníkúnú nìkan ni kò bá wọn ṣe é. Ọwọ́ ìyá mi ló ti ń ra gbogbo ọjà rẹ̀ títí ó fi kú, kò sì bèèrè èènì mọ́.

Bódìjà ni èmi náà ti ń ta iyọ̀ báyìí. Ìwé mẹ́fà ni mo kà mọ, ẹnu mi ló gbé mi débí. Gbogbo ọjà tó ń dé báyìí ló wà nínú ọ̀rá tí wọ́n lẹ̀ pa, orúkọ wà lára rẹ̀, òǹkà wà lára rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń yọ ahọ́n sí ẹnikẹ́ni. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó mọ ìwé ló ń rà á, wọn kì í sì í kà á. Ọmọ ọmọ mi tó wà ní iléèwé girama wá bá mi ní ìsọ̀ níjọ́sí, ó fi fóònù hàn mí. Òjò wúrà yẹn ni, ó ń rọ̀ nínú fóònù. Ó ní àwọn ti há a sórí fún ìdánwò: kán èyí, á funfun, kán tọ̀hún, á pọ́n. Mo bi í pé ṣé ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é rí. Ó ní rárá o, wọ́n ti yàrá náà pa, ìgò kò sí nínú rẹ̀. Ó wá ní, "Màmá àgbà, ṣé ẹ mọ nǹkan tó ń jẹ́ áyọ́ọ̀nù ni?" Mo rẹ́rìn-ín títí oníbàárà mi fi bínú lọ.

Ìyá mi pàdánù owó lọ́pọ̀ ìgbà láyé wọn, iná jó ìsọ̀ wọn nígbà kan, wọn kì í sọ ọ́. Ti agolo yìí nìkan ni wọ́n máa ń sọ, wọ́n á sì nàró bí ẹni tó jẹ oyè. Bí a bá bi wọ́n pé ṣé kò dùn wọ́n nítorí ogójì náírà ìyá oníkúnú, wọ́n á ní ìyẹn ò wọ àpò àwọn rí. Owó ọkọ̀ tó gbé wa lọ sí Bódìjà náà, wọn kì í kà á mọ́ ọn, wọ́n ní owó sinimá nìyẹn. Náírà mẹ́rìnlá ni àwọn ra agolo, àwọn tà á ní méjì, àwọn tún un rà ní márùn-ún tòun ti gaàrí, takisí gba náírà kan ààbọ̀. Ní ọdún tí wọ́n kú, ojú wọn ti ṣú, wọn ò dá mi mọ̀ yàtọ̀ sí àbúrò mi mọ́, mo jókòó tì wọ́n, mo bi wọ́n pé èló ni àwọn ọmọ Mọ́kọ́lá ná wọn lọ́jọ́ náà. Wọn ò ronú rárá. Wọ́n gbé ìka sókè, ìka náà dúró ní ètè, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní náírà méjìdínlógún àti àádọ́ta kọ́bọ̀.